Ẹja Sísun Lẹ́yìn Omíyalé: Ohun Tí Iná Lè Ṣe àti Èyí Tí Kò Lè Ṣe

Ọ̀pọ̀ ìdílé ní Ajégúnlẹ̀ ni kò tíì padà sí ilé ìdáná wọn. Orí àdògán ní ìta ni oúnjẹ ti ń jinná. Kò sí aburú nínú ìyẹn, ẹja sísun kì í ṣe àjèjì ládùúgbò wa. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń sọ pé kò sí ohun tí iná kì í pa, nítorí náà kí àwọn kúkú sun gbogbo ohun tó wà nínú fírísà kó má baà ṣòfò. Ọ̀rọ̀ yìí la fẹ́ yẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹja Titus. Bí yìnyín ara rẹ̀ bá yọ́, tó sì wà nínú ooru fún wákàtí mélòó kan, àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí yóò ṣe májèlé kan sínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní histamine. Ẹja náà lè má rùn rárá. Iná yóò pa kòkòrò, ṣùgbọ́n májèlé tó ti wà nílẹ̀ kì í bá iná lọ: ẹ sun ún, ẹ dín in, ẹ sè é, ibẹ̀ ló máa wà. Kí wákàtí kan tó pé, ojú ẹni tó jẹ ẹ́ lè pọ́n, kí orí máa fọ́ ọ, kí ara máa yún un, kí àyà rẹ̀ máa lù kì-kì-kì. Bí mímí bá ń nira fún un, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíákíá.

Fírísà tó kún, tí ẹnikẹ́ni kò ṣí, lè mú òtútù dúró fún nǹkan bí wákàtí 48 lẹ́yìn tí iná bá lọ. Èyí tó kún dé ìdajì, wákàtí 24. Ti fìríìjì kò ju wákàtí 4 lọ. Bí yìnyín bá ṣì wà lára ẹja, ẹ lè sè é. Èyí tó ti rọ̀, tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí ẹ kò mọ ìgbà tó yọ́, ẹ dà á nù. A mọ̀ pé ó dunni, pàápàá ẹni tó jẹ́ pé ẹja yẹn ni ọjà rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tà á fún ẹlòmíràn.

Ẹran tàbí ẹja tí omi àgbàrá bá kàn kò ní àtúnṣe. Omi náà ti gba inú gọ́tà àti ṣaláńgá kọjá kó tó wọlé.

Èyí tó dára, ẹ sun ún dáadáa. Èédú a máa tanni jẹ: ẹ̀yìn adìẹ á ti dúdú, inú á ṣì máa ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ dúró kí eérú bo èédú kí ẹ tó gbé ẹran lé e. Ẹ gé ibi tó nípọn jù lẹ́bàá egungun; bí omi tó ń jáde bá ṣì pupa, ẹ dá a padà sórí iná. Abọ́ tí ẹ fi gbé tútù kọ́ ni kí ẹ fi gbé jíjinná, bẹ́ẹ̀ náà ni búrọ́ọ̀ṣì tí ẹ fi pa òróró àti ata sí i lára.

Àlùbọ́sà, tòmátì àti kábéèjì tí a ń gé sí ẹ̀gbẹ́ ẹja ńkọ́? Àwọn yẹn kì í kan iná rárá. Onígbáméjì tó jà ní Èkó ní oṣù kẹfà ọdún 2024 kò tíì kúrò lọ́kàn wa. Omi tí a ti sè tó hó ni kí ẹ fi fọ̀ wọ́n, tàbí kí ẹ dín wọn pọ̀ mọ́ ata.

Ẹ má fi pákó tí a kùn lọ́dà, táyà tàbí ọ̀rá dáná. Èéfín wọn ń lẹ̀ mọ́ oúnjẹ. Bí òjò bá dé, ẹ má gbé àdògán wọ yàrá tàbí abẹ́ tapólì tí a bò yí ká. Afẹ́fẹ́ olóró tó ń jáde lára èédú kò ní òórùn, ó sì ń pa ènìyàn lójú oorun.

Ìwọ̀n tí ẹ máa jẹ tán ni kí ẹ sun, nítorí kò sí fìríìjì. Oúnjẹ tó bá ti wà nílẹ̀ ju wákàtí 2 lọ, ẹ má jẹ ẹ́ mọ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń ya ìgbẹ́ gbuuru, ẹ po ṣíbí ìmutíì ṣúgà 6 àti ìdajì ṣíbí iyọ̀, kí gbogbo rẹ̀ gún régé láìga, mọ́ omi lítà 1 tó ti hó tó sì ti tutù, kí ó máa mu ún díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń gbé e lọ sí ibùdó ìlera.