Ojú egbò abẹ: ẹ má fi ewé dí i
Ẹni tí wọ́n fi irin pààrọ̀ oríkèé ìbàdí rẹ̀, bí kòkòrò àìsàn bá wọ ibẹ̀, á lẹ̀ mọ́ irin. Oògùn nìkan kì í sábà ká a. Ìdí nìyí tí dọ́kítà fi lè tún ibẹ̀ là, kó pààrọ̀ irin náà.

Ṣé ẹ rí i, ibi tí wọ́n là lẹ́ẹ̀mejì kì í tètè jinná. Bó bá ń ṣomi ju ọjọ́ 5 lọ, tàbí tó ń ṣọyún, tí ara ń gbóná, ẹ má fi ewé dí i. Kòkòrò mìíràn lè bá ewé wọlé. Ẹ gbé aláìsàn padà sọ́dọ̀ dọ́kítà lọ́jọ́ náà gan-an. Kó sì lo oògùn rẹ̀ tán, bí ara tilẹ̀ ti fúyẹ́.