Omi Kànga Tó Mọ́ Gaara Náà Lè Ní Májèlé: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹni Tó Ń Gbé Nítòsí Ilé Iṣẹ́ Ìfọpo Mọ̀

Bí omi bá dọ̀tí, ojú á rí i. Bí bẹntiróòlù bá wọnú kànga, imú á gbọ́ òórùn rẹ̀. Àmọ́ òjé kì í rùn nínú omi, cadmium kì í sì í yí àwọ̀ omi padà. Ìdí nìyẹn tí èèyàn fi lè máa mu omi tó mọ́ gaara, kó sì máa pa á lára láìfura.

Ẹ jẹ́ ká wo Eleme ní ìpínlẹ̀ Rivers, níbi tí ilé iṣẹ́ ìfọpo Port Harcourt wà. Lóṣù kẹjọ ọdún 2011, UNEP, àjọ UN tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, gbé àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ lórí ilẹ̀ Ogoni jáde. Ní Nisisioken Ogale, ní Eleme, nítòsí páìpù epo NNPC, wọ́n bá epo tí wọ́n ti fọ̀ tó léfòó sórí omi abẹ́ ilẹ̀, ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 8. Benzene, èròjà inú epo tó ń fa àrùn jẹjẹrẹ, wà nínú omi táwọn èèyàn ń mu, ó sì ju ìwọ̀n tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, fọwọ́ sí lọ ní ìlọ́po tó lé ní 900.

Epo nìyẹn o. Báwo wá ni irin olóró ṣe ń dé inú omi?

Àkọ́kọ́, epo rọ̀bì fúnra rẹ̀ ní nickel àti vanadium nínú. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó máa ń kù sí ìsàlẹ̀ táǹkì epo náà ní irin nínú. Bí wọ́n bá dà á sílẹ̀ gbalasa, òjò á fọ̀ ọ́ wọlẹ̀.

Ìkejì, láyé àtijọ́, wọ́n máa ń po òjé mọ́ bẹntiróòlù. Òjé kì í jẹrà. Èyí tó bá ti wọlẹ̀ lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìkẹta lọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Bí epo bá dà sílẹ̀, àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́, wọ́n á sì lo atẹ́gùn ọ́síjìn tó wà níbẹ̀ tán. Irin tó dógùn-ún, tó lẹ̀ mọ́ iyanrìn, á wá máa yọ́ sínú omi. Arsenic tó ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀ á sì bá a yọ́.

Kí ni wọ́n ń ṣe lára? Òjé máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. WHO sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí a mọ̀ tí kò léwu. Kíndìnrín àti eegun ni cadmium ń bá jà, arsenic sì lè fa jẹjẹrẹ. Ìwọ̀n tí WHO fi sí òjé nínú omi mímu kò ju mílígíráàmù 0.01 nínú lítà kan lọ. Ẹ fojú inú wo táǹkà mẹ́ta tó ń gbé lítà 33,000: gíráàmù òjé kan péré ti tó láti kún ìwọ̀n yẹn nínú omi gbogbo wọn.

Ẹ má rò pé sísè ló máa yanjú ẹ̀. Omi gbígbóná ń pa kòkòrò kọ́lẹ́rà àti táífọ́ọ̀dù lóòótọ́, àmọ́ irin kì í bá ooru lọ. Bí omi ṣe ń gbẹ nínú ìkòkò, ṣe ni irin inú rẹ̀ ń ki sí i.

Àyẹ̀wò nìkan ló lè fi òótọ́ hàn. Bẹ́ ẹ bá gbé omi lọ sí láàbù, ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n wo irin olóró pẹ̀lú, torí àyẹ̀wò kòkòrò nìkan kò ní rí i. Ẹ ṣe é nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kẹ́ ẹ tún ṣe é nígbà òjò, nítorí omi abẹ́ ilẹ̀ máa ń lọ sókè sódò. Bátìrì àtijọ́ àti ààtàn náà lè kó òjé sínú kànga, torí náà ẹ má kàn dá ẹnì kan lẹ́bi láìsí èsì lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Ní Baruwa, lágbègbè Ìpájà l'Ékòó, epo láti inú páìpù ti ba ọ̀pọ̀ kànga jẹ́. Láti ọdún 2024 sì ni ilé iṣẹ́ ìfọpo Dangote ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìbẹ̀jù-Lẹ́kkí. A ò sọ pé omi ibẹ̀ ti bàjẹ́ o. Ohun tá à ń sọ ni pé ìgbà tí omi ṣì dára gan-an ló yẹ ká yẹ̀ ẹ́ wò, ká sì tọ́jú èsì rẹ̀. Bí nǹkan bá yí padà lọ́la, ìwé yẹn làwọn ará àdúgbò máa fi hàn pé bí omi wa ṣe wà tẹ́lẹ̀ rèé. Ẹni tí kò ní i, ẹnu lásán ló máa fi jà.