Ìjálá Kò Ṣẹ̀yìn Igbó

Bí a bá ti dárúkọ ìjálá, ìwé tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá kọ ní 1966 ni ó máa ń wá sí ọ̀pọ̀ àwa akẹ́kọ̀ọ́ lọ́kàn. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún èmi náà, kí n tó bá bàbá mi àgbà dẹ ìgbẹ́ òru lẹ́yìn Ilé-Ifẹ̀.

Wọ́n kọ́kọ́ ku iyẹ̀pẹ̀ sílẹ̀ láti mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Bí ẹran bá gbóòórùn ọdẹ, ó parí nìyẹn. Láìpẹ́, ẹyinjú méjì tàn nínú iná fìtílà iwájú orí wọn. Mo di etí, mò ń retí ìbọn (ojo ni mí, ẹ má rojọ́ mi). Wọn kò yìn ín. Wọ́n ń wo bí ẹyinjú náà ṣe ga sílẹ̀ tó, bí ó ṣe jìnnà síra, bí ó ṣe ń rìn. Ọdẹ tí kò bá mọ ẹni tí ó ni ojú lè pa ajá ọdẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó lè pa ọdẹ náà pàápàá.

Ìgbà náà ni mo mọ ìdí tí oríkì ẹran nínú ìjálá fi ń tẹnu mọ́ ojú, àwọ̀ àti ìrìn. Ewì ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ni pẹ̀lú.

Ewúrẹ́ tí ó sọnù ni ohun tí a rí. A fà á lé ẹni tí ó ni ín lọ́wọ́ ní òwúrọ̀, a sì padà sílé lọ́wọ́ òfo.