Òótọ́ àti Irọ́: Ọkàn Páílọ́ọ̀tì Hẹlikọ́pítà

Ní ọjọ́ 10, oṣù kẹfà, ọdún 2021, Ààrẹ ìgbà náà, Muhammadu Buhari, wá sí èbúté Apápá láti ṣí iṣẹ́ Deep Blue, ètò tí NIMASA, àjọ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ojú omi ní Nàìjíríà, fi ń gbógun ti àwọn olè orí omi. Hẹlikọ́pítà mẹ́ta wà lára ohun èlò tí wọ́n kà sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà. Àmọ́ ó ti pẹ́ kó tó dìgbà yẹn tí àwọn ará Ajégúnlẹ̀ ti mọ ariwo hẹlikọ́pítà lórí òrùlé wọn. Bí ọ̀kan bá wá já níbì kan, ọ̀rọ̀ méjì ló máa ń kọ́kọ́ délẹ̀ ní Boundary ní Ajégúnlẹ̀ kí ìwádìí kankan tó bẹ̀rẹ̀: "Páílọ́ọ̀tì yẹn á ti máa tẹ fóònù ni," àbí "Ayé ló ṣe é." Ìpínyà ọkàn ń pa páílọ́ọ̀tì lóòótọ́, ó sì ń pa èrò mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó ń gbà wọlé yàtọ̀ sí èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń rò. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Irọ́: Kò sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lókè, bí páílọ́ọ̀tì bá wo fóònù díẹ̀, kò séwu.

Òótọ́: Ẹ wo ohun tí ara rẹ̀ ń ṣe. Ọwọ́ ọ̀tún di ọ̀pá tó wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, òun ló fi ń darí hẹlikọ́pítà síwájú, sẹ́yìn, sọ́tùn-ún àti sósì. Ọwọ́ òsì wà lórí ọ̀pá kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó, èyí tó ń gbé e sókè tó sì ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ méjèèjì wà lórí pẹ́dà tó ń yí imú rẹ̀. Bí ọwọ́ òsì bá fa tirẹ̀ sókè, imú hẹlikọ́pítà á fẹ́ yí, ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ tètè dá a dúró, ọwọ́ ọ̀tún náà á sì tún tirẹ̀ ṣe. Nínú àwọn kéékèèké tí kò ní ẹ̀rọ tó ń bá páílọ́ọ̀tì darí rẹ̀, kò sí ọwọ́ kankan tó ṣẹ́ kù fún fóònù. Awakọ̀ dánfó tí fóònù rẹ̀ ń dún ní Mile 2 lè yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó dúró. Hẹlikọ́pítà náà lè dúró lójú kan lófuurufú, àmọ́ ìdúró yẹn gan-an wà lára ohun tó ń gba iṣẹ́ àti àfiyèsí jù lọ́wọ́ páílọ́ọ̀tì.

Irọ́: Ìgbà tó bá ti gbéra nìkan ni ìpínyà ọkàn léwu.

Òótọ́: Ní ọjọ́ 26, oṣù kẹjọ, ọdún 2011, ní ìpínlẹ̀ Missouri lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, wọ́n ní kí hẹlikọ́pítà kan gbé aláìsàn láti ilé ìwòsàn ìlú Bethany lọ sí ti ìlú Liberty. Ìgbà tí páílọ́ọ̀tì balẹ̀ sí Bethany ló tó rí i pé epo tó wà nínú hẹlikọ́pítà náà kéré gan-an sí iye tó ti sọ fún ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ó lè dúró síbẹ̀ kí wọ́n gbé epo wá bá a. Kò dúró. Ó gbé aláìsàn náà, ó ní òun á yà sí pápákọ̀ òfuurufú kékeré kan ní Mosby láti gba epo. Ó ku nǹkan bíi máìlì kan kó dé ibẹ̀ nígbà tí epo tán. Òun, nọ́ọ̀sì, òṣìṣẹ́ ìtọ́jú pàjáwìrì àti aláìsàn náà, kò sí ẹni tó yè.

Àjọ NTSB, tó ń ṣèwádìí jàǹbá ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, tú fóònù rẹ̀ wò. Wọ́n rí i pé ó ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan kọ àtẹ̀jíṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, lórí oúnjẹ alẹ́ tí wọ́n jọ fẹ́ jẹ. Kò sí àtẹ̀jíṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì kú. Ṣùgbọ́n ó ti ń kọ ọ́ nílẹ̀, lásìkò tó yẹ kó máa yẹ hẹlikọ́pítà wò kó tó gbéra, ó sì kọ díẹ̀ lójú òfuurufú pẹ̀lú. Wọ́n ka àárẹ̀ àìsùn mọ́ ohun tó fà á. Èyí ló ká mi lára jù: ká ní ó fara balẹ̀ wo gèéjì epo ní ibùdó rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ì bá ti parí síbẹ̀, kí wọ́n rọ epo sí i, kó máa lọ. Ojú tó yẹ kó wo gèéjì wà níbòmíràn ní ìṣẹ́jú díẹ̀ péré, ìyẹn ló sì tó.

Irọ́: Bí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, hẹlikọ́pítà á já lulẹ̀ bí òkúta ni.

Òótọ́: Afẹ́fẹ́ tó ń gba abẹ́ rẹ̀ wá sókè bó ṣe ń lọ sílẹ̀ lè máa yí abẹ̀bẹ̀ orí rẹ̀, páílọ́ọ̀tì á sì fi ìyẹn balẹ̀ jẹ́ẹ́. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ tètè sọ ọ̀pá ọwọ́ òsì sílẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Bí ọkàn rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, àkókò yẹn á ti kọjá. Páílọ́ọ̀tì ti Mosby kò ṣe é bó ṣe yẹ, NTSB sì rí i pé ìdánrawò tí wọ́n fún un kò kọ́ ọ ní ohun tó yẹ ní ṣíṣe bí ẹ́ńjìnnì bá kú nígbà tó ń sáré.

Irọ́: Ọ̀rọ̀ fóònù ni, àwọn ọ̀dọ́ ló ń ṣe é.

Òótọ́: Ní ọjọ́ 29, oṣù 12, ọdún 1972, kò sí fóònù lápò ẹnikẹ́ni. Bàálù ńlá ilé iṣẹ́ Eastern kan, ìrìnàjò 401, ń bọ̀ wá balẹ̀ sí Miami. Gílóòbù kékeré kan tó yẹ kó sọ pé táyà iwájú ti jáde kò tàn. Àwọn páílọ́ọ̀tì tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ dojú kọ gílóòbù náà. Bàálù ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹnikẹ́ni kò fura, títí tó fi wọ inú irà. Ènìyàn 101 ló kú. Iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe, wọn ò ṣeré rárá. Ní 1981, Amẹ́ríkà ṣòfin pé tí bàálù bá ń gbéra, tó ń balẹ̀, tàbí tó wà nísàlẹ̀ 10,000 ẹsẹ̀ bàtà láìtíì dé ibi tí yóò ti máa lọ gbọọrọ, ọ̀rọ̀ tí kò kan iṣẹ́ kò gbọdọ̀ wáyé níbi ìjókòó àwọn páílọ́ọ̀tì. Ẹ sì rántí pé ìrìn hẹlikọ́pítà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin sábà máa ń wà nísàlẹ̀ 10,000 yẹn.

Irọ́: Ayé ló pa Herbert Wigwe.

Òótọ́: Ọ̀rọ̀ yìí tàn kálẹ̀ nílùú lẹ́yìn alẹ́ ọjọ́ 9, oṣù kejì, ọdún 2024, nígbà tí ọ̀gá báńkì Access náà, ìyàwó rẹ̀, ọmọ rẹ̀, Abímbọ́lá Ògúnbánjọ́ tí wọ́n jọ wọ hẹlikọ́pítà, àti páílọ́ọ̀tì méjì kú sí aṣálẹ̀ California. Mo mọ bí ikú irú èyí ṣe ń dunni tó, tí ènìyàn á fi máa wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi rù. Ohun tí NTSB rí ni pé páílọ́ọ̀tì ń fi ojú wá ọ̀nà, ó sì ń lọ nìṣó wọnú ojú ọjọ́ tó burú lóru, níbi tí kò sí iná. Tí ojú ò bá rí nǹkan kan, etí inú á máa purọ́ fún ènìyàn: á rò pé òun ń lọ gbọọrọ, bẹ́ẹ̀ ni hẹlikọ́pítà ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Irinṣẹ́ tó ń sọ bí ilẹ̀ ṣe jìnnà tó kò ṣiṣẹ́, wọ́n sì ti mọ̀ kí wọ́n tó gbéra.

Irọ́: Bó bá ti já, páílọ́ọ̀tì ló jẹ̀bi.

Òótọ́: Ní ọjọ́ 12, oṣù kẹjọ, ọdún 2015, hẹlikọ́pítà ilé iṣẹ́ Bristow kan tó ń ti ojú òkun bọ̀ wá sí Ìkẹjà já sínú ọ̀sà ní Oworóńṣókí. Àwọn 12 ló wà nínú rẹ̀, mẹ́fà kú. Ọ̀pá kékeré kan tó ń gbé àṣẹ ọwọ́ páílọ́ọ̀tì lọ sí abẹ̀bẹ̀ orí ló já. Kò sí bí ọkàn ẹni ṣe lè pa pọ̀ tó tí yóò fi so ó padà lófuurufú.

Irọ́: Kò kan àwa tí a wà nílẹ̀.

Òótọ́: Iná lésà tí àwọn ọmọ ń rà lọ́jà, tí wọ́n ń tàn sókè láti orí òrùlé lálẹ́, máa ń fẹ̀ sí i bó ṣe ń lọ. Bó bá kan gíláàsì hẹlikọ́pítà, ó lè gba gbogbo ojú páílọ́ọ̀tì, kó má rí nǹkan kan lásìkò tó ń wá ibi tí yóò balẹ̀ sí. Ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn kí ilẹ̀ tó ṣú.