Pápá Ẹṣin Èkó

Ẹṣin a máa kú, a sì fi ìrù sílẹ̀. Ìrù tí eré ẹṣin fi sílẹ̀ ní ìlú Èkó ni orúkọ kan tí àwọn àgbà ṣì ń pè: Race Course.

Gẹ́gẹ́ bí ìtàn ti wí, Ọba Dòsùmú ni ó yọ̀ǹda ilẹ̀ náà fún àwọn Òyìnbó ní ọdún 1859. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹjọ ọdún 1861, wọ́n gba Èkó pàápàá lọ́wọ́ rẹ̀.

Oríṣi eré ẹṣin méjì ni ó gbajúmọ̀ ní òkè òkun. Nínú ọ̀kan, ẹṣin a máa fa kẹ̀kẹ́ fúyẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí ènìyàn jókòó sí. Nínú èkejì, orí gàárì ni ẹni tí ń gùn ún wà. Èkejì yìí ni ó wọ Èkó. Ẹṣin gígùn kì í kúkú ṣe àjèjì sí Yorùbá, nítorí àwọn ẹlẹ́ṣin wà lára agbára ogun Ọ̀yọ́ àtijọ́. Eré fún ìwòran ni ó jẹ́ tuntun.

Ibi tí ilẹ̀ bá tẹ́jú ni èrò ń pé sí. Wọ́n gbá kíríkẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, àwọn ọmọ ogun sì yan níbẹ̀. Ní òru ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 1960, lórí pápá yìí kan náà, àsíá Gẹ̀ẹ́sì sọ̀ kalẹ̀, ti Nàìjíríà sì gòkè. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Princess Alexandra, aṣojú Ọbabìnrin, fi ìwé òmìnira lé Abubakar Tafawa Balewa lọ́wọ́.

Wọ́n pa Balewa ní ọdún 1966. Ní ọdún 1972, nígbà ìjọba Yakubu Gowon, wọ́n sọ pápá náà di gbàgede olódi, wọ́n sì fi orúkọ Balewa pè é. Ibẹ̀ ni àwọn ológun ti gbé ìjọba lé Shehu Shagari lọ́wọ́ ní ọdún 1979.

Ère ẹṣin funfun mẹ́rin wà ní ẹnu-ọ̀nà rẹ̀, pẹ̀lú idì pupa méje. Ó rọrùn láti rò pé ìrántí eré àtijọ́ ni àwọn ẹṣin náà. Bẹ́ẹ̀ kọ́: ara àmì orílẹ̀-èdè ni wọ́n ti wá, ẹṣin dúró fún iyì, idì fún agbára. Bí olùkọ́ kò bá sọ ìtàn pápá náà fún ọmọ iléèwé, àwọn ẹṣin ẹnu-ọ̀nà kò ní bá a sọ ọ́.