OORU LÓ Ń PA BÁTÌRÌ MỌ́TÒ WA

  

Ọ̀rọ̀ bátìrì mọ́tò la fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí. Kẹ́nikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni. Ṣebí àwa obìnrin ọjà là ń fi owó wa ra bọ́ọ̀sì tó ń kó ata àti tòmátì. Bí bọ́ọ̀sì ò bá sítáàtì láàárọ̀, ata tó wà nínú apẹ̀rẹ̀ ò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n tó rí ẹni bá wọn ti mọ́tò, àwọn oníbàárà ti ra ti ẹlòmíì lọ.

Ní ẹ̀rùn tó kọjá, ẹjọ́ kan dé iwájú ẹgbẹ́. Ìyá kan ra bátìrì tuntun sínú bọ́ọ̀sì rẹ̀, kò tíì pé ọdún kan ààbọ̀ tó fi kú. Ìyá ní dẹ́rẹ́bà ló ta bátìrì náà, tó fi àlòkù pààrọ̀ rẹ̀. Dẹ́rẹ́bà ń búra, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. A ní kí wọ́n pe ríwáyà kó wá yẹ̀ ẹ́ wò. Nọ́ńbà tó wà lára bátìrì bá ti inú rìsíìtì mu, bátìrì yẹn náà ni. Ríwáyà wá ṣí àwọn ìdérí orí rẹ̀, ó ní ká wá wò ó. Omi inú rẹ̀ ti gbẹ, òjé inú rẹ̀ ti hàn síta. Kò sẹ́ni tó jí nǹkan kan. Ooru ni olè.

Kí ni ooru ń ṣe fún bátìrì? Bátìrì tó wà nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò ní yàrá mẹ́fà. Nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, òjé pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ ló wà nínú ásíìdì tí wọ́n bu omi là. Yàrá kan ń mú iná bíi volt 2 wá, àpapọ̀ wọn ló di volt 12.

Ohun mẹ́ta ni ooru ń ṣe níbẹ̀. Èkíní, ó ń jẹ́ kí omi tètè gbẹ. Ibi tí omi ò bá ti bo òjé mọ́, ibẹ̀ ń kú nìyẹn. Èkejì, ásíìdì á túbọ̀ máa jẹ òjé náà, bí páànù ṣe ń dógùn-ún. Ẹ̀kẹta, bí mọ́tò bá dúró lójú oòrùn láìṣiṣẹ́, iná inú bátìrì á máa lọ díẹ̀díẹ̀, á sì yá ju ti ibi tútù lọ. Bí iná bá tán tó sì pẹ́, nǹkan funfun líle á bo òjé, kò ní gba iná dáadáa mọ́.

Ooru tó jẹ́ ìwọ̀n 25 Celsius ni wọ́n sábà fi ń díwọ̀n ọjọ́ ayé bátìrì. Àwọn onímọ̀ ní bí ooru bá fi 10 lé sí i, ọjọ́ ayé rẹ̀ á dín kù sí bí ìdajì. Èyí tí ì bá lo ọdún 4 nínú ooru 25, bóyá ni yóò lò ju ọdún 2 lọ nínú ooru 35. Ẹ wá wo tiwa. Ní oṣù kejì àti oṣù kẹta ọdún, ọ̀sán Ìbàdàn máa ń kọjá 33, ti Ìlọrin a máa tó 35. Abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tún wá gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ, pàápàá nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, tí ẹ́ńjìnnì ń gbóná tí atẹ́gùn ò fẹ́ sí i.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní Ìlú Ọba á ní òtútù ló ń pa bátìrì. Lóòótọ́, àárọ̀ òtútù ló máa ń kọ̀ láti sítáàtì. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, ooru ló ti ṣe é léṣe sílẹ̀.

Kí la wá lè ṣe? Bí bátìrì bá jẹ́ irú èyí tó ṣeé ṣí, ẹ jẹ́ kí dẹ́rẹ́bà máa wo omi rẹ̀ lóṣooṣù. Nígbà ẹ̀rùn, kó jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Omi tí wọ́n kọ distilled sí lára ni kí ẹ rà. Omi kànga kọ́, omi ẹ̀rọ kọ́, píọ̀ wọ́tà inú ọ̀rá náà kọ́, torí iyọ̀ ilẹ̀ wà nínú wọn. Ẹ má gbà kí wọ́n bu ásíìdì kún un o. Omi ló ń gbẹ, ásíìdì kì í gbẹ. Kí omi bo òjé, àmọ́ kó má kún dẹ́nu.

Ẹ máa wá ibòòji páàkì mọ́tò sí. Ẹ ní kí ríwáyà fi mítà wọn iná nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Ó yẹ kó wà láàárín volt 13.8 sí 14.7. Bó bá kọjá 15, iná ti pọ̀ jù, ńṣe ló ń se bátìrì bí ẹni ń se ẹ̀wà.

Bí ẹ bá fẹ́ ra tuntun, ẹ béèrè oṣù tí wọ́n ṣe é. Ẹ má ra èyí tó ti ń yá oòrùn níwájú ṣọ́ọ̀bù tipẹ́. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ tó ń tà á, ẹ gbé e sí ibòòji, kí ẹ sì máa fún un níná lóòrèkóòrè. Ẹni tó bá rà á, kó gba rìsíìtì, kí nọ́ńbà bátìrì sì wà níbẹ̀.

Ẹ kíyè sára o. Ẹ má ṣáná sí ìṣáná láti fi wo inú bátìrì, torí gáàsì tó ń jáde níbẹ̀ lè bú gbàù. Bí ásíìdì bá ta síni lójú tàbí lára, omi púpọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ṣàn án, kí ẹ tó gba ọsibítù lọ. Bátìrì tó ti kú, ẹ má fọ́ ọ, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n yọ́ òjé rẹ̀ nínú àgbàlá yín. Májèlé ni òjé, a máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Odidi ni kí ẹ gbé e padà fún ẹni tó ń ta tuntun. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń yọ nǹkan díẹ̀ nínú owó tuntun tí ẹ bá gbé ògbólógbòó wá.

Ẹ ka ìwé yìí sétí dẹ́rẹ́bà yín. Ẹni tí kò bá lè kà á, kó wá bá akọ̀wé lọ́jọ́ ìpàdé, a ó kà á fún un.

Ajé á wọ igbá o.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́