Ta Ni Ó Wà Lẹ́yìn Nọ́ọ̀sì? Kọ̀ǹpútà àti Ààbò Aláìsàn ní Ilé Ìwòsàn

Kí oògùn kan tó dé ẹnu aláìsàn tí ó wà lórí ibùsùn ní ilé ìwòsàn, ó máa ń gba ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn kọjá: dókítà ni ó ń pàṣẹ rẹ̀, akọ̀wé tàbí nọ́ọ̀sì a dà á kọ sínú ìwé ìtọ́jú, apoògùn a yẹ̀ ẹ́ wò, a sì kó o sílẹ̀, nọ́ọ̀sì ni yóò sì fi lé aláìsàn lọ́wọ́ nígbẹ̀yìn. Àṣìṣe lè wọlé ní èyíkéyìí nínú ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi gbogbo ni ó ti rọrùn láti rí i mú. Nínú ìwádìí kan tí àwọn dókítà ṣe ní ilé ìwòsàn ńlá méjì ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní ọdún 1995, wọ́n rí i pé nínú àwọn ìpalára oògùn tí ó ṣeé dènà, ìdá 56 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ti ọwọ́ ẹni tí ó pàṣẹ oògùn wá, tí ìdá 34 sì ti ọwọ́ ẹni tí ó fún aláìsàn lóògùn wá. Èyí tí ó yẹ kí ó kọni lóminú ju iye wọ̀nyí lọ ni pé, nínú àwọn àṣìṣe tí ó wáyé nígbà tí dókítà ń pàṣẹ, ẹlòmíràn rí ìdá 48 mú kí wọ́n tó dé ara ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n nínú àwọn tí ó wáyé nígbà tí a ń fún aláìsàn lóògùn, kò sí ẹyọ kan tí a rí mú. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Apoògùn wà lẹ́yìn dókítà, nọ́ọ̀sì wà lẹ́yìn apoògùn, àmọ́ kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn nọ́ọ̀sì bí kò ṣe aláìsàn fúnra rẹ̀, tí ó lè máa sùn lọ́wọ́, tí ó lè jẹ́ ọmọ ọwọ́, tàbí tí kò mọ hóró oògùn kan yàtọ̀ sí òmíràn.

Àlàfo yìí wà lára ohun tí ètò ìsọfúnni ilé ìwòsàn wá dí. Ètò náà kì í ṣe ẹ̀rọ kan ṣoṣo, bí kò ṣe àkójọpọ̀ ètò kọ̀ǹpútà tí ń bá ara wọn sọ̀rọ̀: èyí tí ń forúkọ aláìsàn sílẹ̀ tí ó sì ń fún un ní nọ́ńbà, èyí tí ń gba èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ láti láàbù, èyí tí dókítà ń fi pàṣẹ oògùn, èyí tí ilé oògùn ń lò, àti èyí tí nọ́ọ̀sì fi ń ṣe àkọsílẹ̀ ohun tí ó fún aláìsàn àti àkókò tí ó fún un. Bí ilé ìwòsàn bá kàn gbé ohun tí ó wà nínú fáìlì sórí kọ̀ǹpútà, èrè rẹ̀ kò ju pé fáìlì kò ní sọnù mọ́ lọ. Níbi tí agbára rẹ̀ wà ni pé, bí dókítà bá ti tẹ orúkọ oògùn kan, ètò náà lè fi oògùn yẹn wé àwọn oògùn tí ara aláìsàn kì í gbà, ìwọ̀n ara rẹ̀, èsì àyẹ̀wò tí ó sọ bí kíndìnrín rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ sí, àti oògùn mìíràn tí ó ti ń lò, kí ó sì sọ̀rọ̀ kí àṣẹ náà tó kúrò lójú kọ̀ǹpútà. Ìròyìn tí David Bates àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 1998 láti ilé ìwòsàn Brigham and Women's, ọ̀kan nínú ilé ìwòsàn méjì tí a sọ lókè yìí, fi hàn pé irú ètò bẹ́ẹ̀ dín àwọn àṣìṣe oògùn tí ó léwu kù ní ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún. Lójú kan náà, ìṣòro àfọwọ́kọ tí ẹnikẹ́ni kò lè kà, tí a ti fi dókítà ṣe yẹ̀yẹ́ lé lórí láti ayébáyé, di ohun ìgbàgbé.

Síbẹ̀, dókítà àti apoògùn nìkan ni gbogbo èyí ràn lọ́wọ́. Ẹni tí ó ronú kan nọ́ọ̀sì jẹ́ nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀. Sue Kinnick ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba tí ń tọ́jú àwọn ológun tí ó ti fẹ̀yìn tì ní Topeka, ní ìpínlẹ̀ Kansas, nígbà tí ó rí i, ní ọdún 1992, bí òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ tí ń fi ọkọ̀ háyà ṣe fi ẹ̀rọ ọwọ́ kékeré ka báàkóòdù, ìyẹn àwọn ìlà dúdú tín-tìn-tín tí a máa ń rí lára ọjà, lára ọkọ̀ tí a dá padà. Èrò tí ó mú bọ̀ láti ibẹ̀ ni pé, bí a bá lẹ báàkóòdù mọ́ ara oògùn, tí a sì fi òmíràn sára báńdì tí aláìsàn wọ̀ sọ́rùn ọwọ́, nọ́ọ̀sì lè ka méjèèjì, kí kọ̀ǹpútà sì sọ bóyá oògùn yìí ni a pàṣẹ fún ẹni yìí, ní ìwọ̀n yìí àti ní wákàtí yìí. Wọ́n dán an wò ní Topeka, kò sì pẹ́ tí ó fi tàn dé gbogbo ilé ìwòsàn àwọn ológun náà káàkiri Amẹ́ríkà. Nígbà tí ilé ìwòsàn Brigham yẹ irú ètò kan náà wò, èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2010 ni pé àṣìṣe nínú fífún aláìsàn lóògùn, yàtọ̀ sí ti àkókò, lọ sílẹ̀ láti ìdá 11.5 sí ìdá 6.8 nínú ọgọ́rùn-ún, tí àṣìṣe dídà-kọ, tí ó jẹ́ ìdá 6.1 tẹ́lẹ̀, sì pòórá pátápátá. Nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín, ẹnì kan ti wà lẹ́yìn nọ́ọ̀sì.

Kí ni ẹni náà ń wò? Ìbéèrè yìí ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ta ètò wọ̀nyí fún ilé ìwòsàn kì í fẹ́ dúró lé lórí. Báàkóòdù ń wò bóyá ohun tí ó wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì bá àṣẹ mu. Kò sí ọ̀nà tí ó lè gbà mọ̀ bóyá àṣẹ náà gan-an tọ̀nà. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 2013 ní ilé ìwòsàn Yunifásítì California ní San Francisco fi èyí hàn kedere. Ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 16 kan tí ó ní àrùn àjogúnbá tí ó ṣọ̀wọ́n wà níbẹ̀ fún àyẹ̀wò, ó sì ní láti máa lo hóró Septra kan, oògùn tí ń pa kòkòrò àrùn, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe nílé. Ìwọ̀n ara rẹ̀ jẹ́ kílò 38.6, ìlànà ilé ìwòsàn sì ni pé, fún ẹni tí kò bá tó kílò 40, mílígíráàmù fún kílò kọ̀ọ̀kan ni kí a fi ṣírò oògùn. Dókítà pàṣẹ mílígíráàmù 5 fún kílò kan, èyí tí ó já sí 193, bẹ́ẹ̀ sì ni 160 ni ó wà nínú hóró kan. Nítorí pé ìyàtọ̀ náà ju ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, òfin ní kí apoògùn ní kí dókítà tún àṣẹ náà kọ. Dókítà ṣí i padà, ó tẹ 160 gẹ́gẹ́ bí a ti ní kí ó ṣe, kò sì ṣàkíyèsí pé àyè tí a ti ń yan òṣùwọ̀n ṣì dúró sórí mílígíráàmù fún kílò kọ̀ọ̀kan. Báyìí ni 160 ṣe di ìlọ́po 38.6, tí hóró kan sì di 38 àti ààbọ̀.

Kọ̀ǹpútà kìlọ̀ fún dókítà, dókítà kọjá. Ó kìlọ̀ fún apoògùn, òun náà kọjá. Rọ́bọ́ọ̀tì ilé oògùn di gbogbo rẹ̀ láìṣì kà. Nọ́ọ̀sì tí ó gbà á, tí kì í ṣe wọ́ọ̀dù yẹn ni ó ti máa ń ṣiṣẹ́, fura sí iye náà, àmọ́ nígbà tí ó ka báàkóòdù, kọ̀ǹpútà jẹ́rìí sí i pé hóró 38 àti ààbọ̀ gan-an ni a pàṣẹ, ó sì fún ọmọ náà. Wákàtí mélòó kan lẹ́yìn náà, gìrì ńlá mú un. Orí ni ó kó o yọ. Ó yẹ kí a yin ilé ìwòsàn náà pé kò bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, torí ó gbà kí Robert Wachter, dókítà tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé The Digital Doctor tí ó jáde ní ọdún 2015. Láyé ìwé, ó ṣòro kí irú àṣẹ yìí tó dé ọ̀dọ̀ aláìsàn, nítorí ọwọ́ tí ń ka hóró oògùn fún ẹnì kan ṣoṣo ì bá ti dúró kí ó tó ka ogún. Ohun tí kọ̀ǹpútà mú kúrò níhìn-ín ni àárẹ̀ ọwọ́ àti iyèméjì ojú, àwọn nǹkan méjì tí ń fa àṣìṣe lóòótọ́, tí wọ́n sì tún ń rí àṣìṣe mú nígbà mìíràn.

Ìbéèrè tí ó kù ni ìdí tí àwọn méjì tí ó mọ iṣẹ́ wọn dunjú fi kọjá lójú ìkìlọ̀. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú iye ìkìlọ̀ tí wọ́n ń gbà. Ní ọdún yẹn kan náà, ní ilé ìwòsàn yẹn kan náà, àwọn olùwádìí ka aago ìkìlọ̀ tí ń dún láti ara ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ àwọn aláìsàn tí ara wọn kò yá rárá, lórí ibùsùn 77, fún ọjọ́ 31, iye tí wọ́n rí sì lé ní mílíọ̀nù méjì ààbọ̀: 2,558,760. Ní ti oògùn, àgbéyẹ̀wò àwọn ìwádìí tí ó jáde ní ọdún 2006 sọ pé láàárín ìdá 49 sí ìdá 96 nínú ọgọ́rùn-ún ìkìlọ̀ ni àwọn dókítà ń tẹ̀ kúrò lójú láìtẹ̀lé. Ajá tí ń gbó gbogbo ẹni tí ó bá kọjá níwájú ilé kò lè jí onílé lọ́jọ́ tí olè bá dé. Nínú ètò tí ó ń kìlọ̀ nípa hóró kan tí ó fi díẹ̀ lé, tí ó sì ń lo àwọ̀ kan náà àti ọ̀rọ̀ kan náà fún ìlọ́po 38, ẹ̀bi kò lè jẹ́ ti ẹni tí ó tẹ bọ́tìnnì nìkan. Ètò tí ó bá dára máa ń dákẹ́ lórí ohun kékeré, ṣùgbọ́n bí ìwọ̀n bá ti kọjá ibi tí ẹ̀dá ènìyàn kankan lè gbà, kì í kìlọ̀ mọ́. Ńṣe ni ó máa ń kọ̀ jálẹ̀ títí ẹlòmíràn yóò fi dá sí i.

Bí a ṣe gbé ètò wọ ilé ìwòsàn náà tún ní ipa tirẹ̀. Ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ní Pittsburgh, lẹ́yìn tí wọ́n gbé ètò ìpàṣẹ oògùn kalẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́fà péré ní ọdún 2002, ikú àwọn ọmọ tí a ń gbé wá láti ibòmíràn ga láti ìdá 2.80 sí ìdá 6.57 nínú ọgọ́rùn-ún. Ara ohun tí àwọn olùwádìí tọ́ka sí ni pé, tẹ́lẹ̀ rí, àwọn dókítà a ti pàṣẹ oògùn sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbé ọmọ náà dé, àmọ́ ètò tuntun kò gbà kí a pàṣẹ fún ẹni tí a kò tíì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ti Stanford, níbi tí wọ́n ti múra sílẹ̀ dáadáa, ńṣe ni ikú dín kù ní ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, kò sí ètò tí ó lè dáàbò bo aláìsàn tí a kò bá mọ ẹni tí ó jẹ́, ibí yìí sì ni ọ̀rọ̀ ti kan ilẹ̀ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Ní ilé ìwòsàn Montefiore ní New York, bí i ní ọ̀pọ̀ ibòmíràn, tẹ́lẹ̀ rí, ọmọ tuntun tí kò tíì ní orúkọ a máa jẹ́ “ọmọkùnrin” tàbí “ọmọbìnrin” pẹ̀lú orúkọ ìdílé. Àwọn olùwádìí níbẹ̀ ka iye ìgbà tí dókítà pàṣẹ fún ọmọ kan, tí ó yára fà á padà, tí ó sì tún àṣẹ kan náà kọ fún ọmọ mìíràn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, èyí tí í ṣe àmì pé ó kọ́kọ́ ṣi fáìlì ṣí. Nígbà tí wọ́n fi orúkọ ìyá pẹ̀lú kún orúkọ ọmọ, irú àṣìṣe yìí dín kù ní ìdá 36.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìbejì ni orúkọ ìyá kò ràn lọ́wọ́: ìwádìí ọdún 2019 kan ní àwọn yàrá ìtọ́jú ọmọ tuntun fi hàn pé, nínú 100,000 àṣẹ, 66 ni ó lọ sọ́dọ̀ ọmọ tí kì í ṣe òun láàárín àwọn ìbejì àti ìbẹta, nígbà tí ti àwọn ọmọ ẹyọ kan jẹ́ 41.7. Láàárín àwọn ènìyàn tí ń dúró di ọjọ́ kẹjọ kí wọ́n tó sọ ọmọ lórúkọ, tí ìbejì pọ̀ láàárín wọn ju ti ọ̀pọ̀ ẹ̀yà lágbàáyé lọ, tí Táíwò àti Kẹ́hìndé inú ìdílé kan sì ní ọjọ́ ìbí, ìyá àti orúkọ ìdílé kan náà, bíbéèrè orúkọ àti ọjọ́ ìbí nìkan kò tó. Nọ́ńbà tí ó jẹ́ ti ọmọ kọ̀ọ̀kan, tí a so mọ́ ọn lára láti ìṣẹ́jú tí a bí i, ni ó lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe àjèjì ní Nàìjíríà. Láti ọdún 1989 ni Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ àti ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ ti pawọ́ pọ̀ pẹ̀lú Yunifásítì Kuopio ní ilẹ̀ Finland láti kọ́ ètò ìsọfúnni ilé ìwòsàn, orí FileMan, irinṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí irú ilé ìwòsàn tí Kinnick ti ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ń lò, ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó di MINPHIS tí wọ́n ń pè é lẹ́yìn náà. Àkọsílẹ̀ aláìsàn àti ìròyìn fún àwọn alákòóso ni ètò náà gbájú mọ́, kò tíì dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn tí nọ́ọ̀sì ti ń fún aláìsàn lóògùn. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo ilé ìwòsàn máa tọ́jú àkọsílẹ̀ fún olúkúlùkù ẹni tí ó bá gba ìtọ́jú níbẹ̀, àmọ́ ní ọ̀pọ̀ ibi, káàdì àti fáìlì ṣì ni àkọsílẹ̀ náà.

Àwọn tí ó bá sì fẹ́ kọjá fáìlì gbọ́dọ̀ ronú nípa wákàtí tí kọ̀ǹpútà kò ní ṣiṣẹ́. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, àwọn ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti kọ̀ǹpútà Synnovis pa, iléeṣẹ́ tí ń ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún àwọn ilé ìwòsàn ńlá kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Nítorí pé kò rọrùn mọ́ láti yára mọ irú ẹ̀jẹ̀ tí aláìsàn ní, wọ́n kéde pé kí àwọn tí ó ní ẹ̀jẹ̀ irú O, tí a lè fà sára ọ̀pọ̀ ènìyàn, wá fi tọrẹ. Ní ìlú tí iná mọ̀nàmọ́ná ti ń lọ tí ó ń bọ̀, kò di ìgbà tí ọ̀daràn bá dé. Wọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ ní ìwé tí a ti tẹ̀ sílẹ̀, tí nọ́ọ̀sì yóò máa kọ oògùn tí ó fúnni sí nígbà tí kọ̀ǹpútà bá kú, a sì gbọ́dọ̀ yan ẹnì kan pàtó tí yóò da gbogbo rẹ̀ kọ padà bí iná bá dé, nítorí oògùn tí a fúnni ní agogo méjì òru tí kò sì hàn lójú kọ̀ǹpútà ní òwúrọ̀ ni nọ́ọ̀sì tí ó gba iṣẹ́ yóò tún fún aláìsàn lẹ́ẹ̀kejì, báàkóòdù yóò sì jẹ́rìí sí i pé ó tọ̀nà.